Irin Tí Jórinjórin Jó Mọ́ Ìdí Ọkọ̀ Bàbá Rẹ̀

Jórinjórin kan wà nígboro wa, ọkùnrin tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Géètì ló ń ṣe. Bí o bá rí géètì tí kò wọ́lẹ̀, tí kì í ké nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i, òun ló ṣe é. Kì í fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tan ènìyàn jẹ. Bó bá ti sọ pé géètì kan yóò pẹ́, yóò pẹ́ náà ni. Àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí, òun náà sì mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún òun.

Ó ní ìyá, ó sì ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo. Káfíńtà ni àbúrò náà. Òrùlé àti ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Jórinjórin àti ìyá wọn ló jọ ń gbé inú ilé tí bàbá wọn kọ́. Àbúrò ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í wá kí ìyá.

Nígbà tí bàbá wọn kú, ohun tó fi sílẹ̀ kò pọ̀. Ilé náà wà, òrùlé rẹ̀ sì ti ń jò. Ọkọ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò.

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ni, onílẹ̀kùn méjì, tí imú rẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Bàbá rà á nígbà tó wà ní géńdé, lọ́dún tí kòkó rẹ̀ ṣe dáadáa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi. Bó bá bú, adìẹ á fò sórí ògiri. Òun ni wọ́n fi gbé ìyá wọn wá sílé ọkọ. Ìyá jókòó síwájú, lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá, ó fi ìborùn bojú, àwọn ará àdúgbò sì sáré tẹ̀lé ọkọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ojú bàbá di bàìbàì, tí kò lè wakọ̀ mọ́, ó yọ táyà rẹ̀, ó gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ igi, ó sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò dà bí ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ akẹ́rù ní irin gígùn méjì tó ti iwájú lọ dé ẹ̀yìn, gbogbo ara rẹ̀ ló jókòó lé e. Èyí kò ní irú rẹ̀. Irin wà lábẹ́ imú, irin wà lábẹ́ ìdí, ṣùgbọ́n láàárín, níbi tí ènìyàn ń jókòó sí, páànù ilẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló so méjèèjì pọ̀. Nígbà tó wà ní tuntun, páànù náà tó o. Nígbà tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kò tó mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá bú báyìí, ara ọkọ̀ á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Agbára tó wà níwájú ti ju ara tó gbé e lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí pálọ̀. Òjò ń rọ̀. Àbúrò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ọkùnrin kan ń bèèrè ọkọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká tà á fún un, ká fi ra páànù tuntun sórí ilé yìí. Èmi ni máa kàn án. Inú omi ni Màámi ń sùn."

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n jórinjórin kò gbọ́ òrùlé nínú rẹ̀, kò gbọ́ omi. "Ká tà á" nìkan ló gbọ́. Láti ìgbà tó ti wà ní kékeré ni òun àti bàbá ti máa ń fọ ọkọ̀ náà láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Ó ti sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bó pẹ́ bó yá, òun ni yóò jí i dìde.

"Ká ta kí ni? Iyẹ̀pẹ̀ orí bàbá kò tíì gbẹ, o ti wá oníbàárà!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Òrùlé ni mo…"

"Gbẹ́nu dákẹ́! Ìwọ tí o kò mọ̀ ju kí o máa gé nǹkan sí wẹ́wẹ́ lọ. Gbọ́ mi dáadáa. Láti òní lọ, èmi àtìrẹ kò ní dúró sábẹ́ òrùlé kan náà mọ́. Bí mo bá wà nínú ilé, má wọlé. Bí mo bá wà lábẹ́ àtíbàbà, kí ìwọ lọ dúró sínú oòrùn."

Àbúrò wo ìyá.  Ìyá dìde, ó lọ gbé abọ́ sábẹ́ ibi tí omi ti ń kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àbúrò mú fìlà rẹ̀, ó bọ́ sínú òjò.

Láti ìgbà náà, tí jórinjórin bá ti lọ síbi iṣẹ́ ni àbúrò tó máa ń wá, á dúró lójú fèrèsé, á kí ìyá láti ìta, á sì máa lọ. Kò gun orí òrùlé. Ó gbà pé ilé náà ti di èèwọ̀ fún òun. Omi sì ń kán.

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá bèèrè lọ́wọ́ àkọ́bí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìjà náà. Ó ní, "Ọkọ̀ yẹn ló gbé mi wọlé ọkọ. Bí o bá lè jí i, òun ni kó gbé mi lọ síbi tí ọkọ mi sùn sí, nígbà tí a bá ń ṣe ọdún rẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì sì gbé mi lọ." Ìdajì àkọ́kọ́ ni jórinjórin gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì ìjà yẹn gan-an ló ti jáde lọ sí ọjà àwọn tó ń ta irin àlòkù. Ìbínú ṣì wà lára rẹ̀ bí ibà.

Obìnrin tó ń ta irin níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. "Jórinjórin, wá! Géètì ààfin ta lo tún fẹ́ ṣe?"

"Ìdí ọkọ̀ bàbá mi ni. Mo fẹ́ kó le."

Obìnrin náà fa ọ̀pá kan jáde tó ń dán bíi dígí. Irú èyí tí wọ́n ń fi dábùú ẹ́ńjìnnì ni, láti èjìká ọ̀tún ọkọ̀ dé èjìká òsì. "Mú èyí. Bí o bá kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí, ayé á mọ̀ pé o ti náwó."

"Mi ò ṣe é fún ẹni tó máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ gbà mí o! Ta lo wá ń ṣe é fún?"

Jórinjórin yíjú sí òkìtì irin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ irin wò. Ó gbé irin bẹ́ẹ̀dì kan, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀, ó jù ú nù. Ó gbé irin tí wọ́n gé lára ọkọ̀ akẹ́rù, ó gbé e padà sílẹ̀ nítorí pé yóò wúwo jù, ọkọ̀ yóò máa ru irin dípò kó máa ru ènìyàn. Ó rí irin onígun mẹ́rin méjì, oníhò nínú, tí ìpẹtà kò dé ìdí wọn. Ó fi òòlù kàn wọ́n, ó gbọ́ ohùn wọn. Àwọn yìí ló fẹ́ fi so irin abẹ́ imú mọ́ irin abẹ́ ìdí, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí wọn àfi ẹni tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ṣa páànù nínípọn tí yóò fi di àwọn igun mú. Ọ̀pá ti orí ẹ́ńjìnnì náà, ó mú un, ṣùgbọ́n èyí tí kò dán ló mú, nítorí pé òun ló nípọn jù.

Fi èyí sọ́kàn: irin tó yàn dára. Ibi tó fẹ́ jó wọn mọ́ náà dára. Bí a bá ń wá ẹ̀bi, kì í ṣe ara irin la ti máa rí i.

Ó dé abẹ́ igi máńgòrò, ó tú ilẹ̀kùn méjèèjì kúrò lára ọkọ̀, kó lè máa wọlé kó máa jáde. Ó fi wọ́n ti ara igi. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó bo ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o.

Ohun tí kò wò nìyí. Òjò ọ̀pọ̀ ọdún ti jẹ ilẹ̀ lábẹ́ búlọ́ọ̀kù kan. Igun iwájú lápá ọ̀tún ti rì. Ọkọ̀ náà dúró bí ẹni tó ti ẹsẹ̀ kan bọ kòtò, gbogbo ara rẹ̀ sì ti wọ́ tẹ̀lé ẹsẹ̀ náà. Ojú jórinjórin ti mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, kò rí i mọ́. Àti pé géètì ni iṣẹ́ rẹ̀. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jó géètì. Wọ́n á tẹ́ ẹ kalẹ̀, kò ru nǹkan kan, kò sí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, bí wọ́n bá ṣe tẹ́ ẹ náà ni yóò ṣe wà títí ayé. Ó ṣe ọkọ̀ bí ẹni ń ṣe géètì. Irin ló wọ̀n, kò wọn ọkọ̀.

Bó ti ń jó o ló ń bá àbúrò rẹ̀ jà lọ́kàn. Ká tà á. Ó ní ká tà á. Iná ń ta sí i lọ́rùn, kò mọ̀. Nígbà tó parí, ó jáde, ó gun etí ọkọ̀, ó fò lé e pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ọkọ̀ kò mì. Kò ké. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ó ti le." Òótọ́ ló sọ. Ó ti le.

Mẹkáníìkì wá, ó jí ẹ́ńjìnnì. Táyà tuntun dé. Ó ku kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn padà. Èyí tó wà lápá òsì, lọ́dọ̀ dírẹ́bà, fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọlé. Èyí tó wà lápá ọ̀tún kọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń ha ara ọkọ̀, òkè rẹ̀ sì là débi pé ọwọ́ ń wọ ibẹ̀. Jórinjórin wò ó, ó ní ilẹ̀kùn ti gbó. Ilẹ̀kùn ló bá jà. Ó gé etí rẹ̀, ó fi òòlù na ibi tí ó ń há, ó fi èjìká tì í. Ó tì pẹ̀lú ariwo.

Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń wò ó. "Àdìgún," ó ní, "ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀. Ìka kan ni bàbá yín fi ń tì í."

"Àgbà ló dé sí i, Màámi."

"Àgbà dé sí èmi náà. Èmi ṣì ń ṣí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìyá kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ọdún bàbá pé. Ìyá wọ aṣọ funfun, wọ́n gbé e jókòó síwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, síbi tó jókòó sí nígbà tó wà ní ìyàwó. Jórinjórin fi èjìká ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìyá bèèrè pé, "Àbúrò rẹ ńkọ́?" Ó ní, "Ó mọ ọ̀nà."

Ọ̀nà abà tí wọ́n sin bàbá wọn sí gùn, ó sì kún fún kòtò àti gegele. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ kò mì. Gíláàsì iwájú kò ké. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń fà sí ọ̀tún. Bó bá dẹwọ́ lára ọwọ́ ìdarí díẹ̀, ọkọ̀ á máa wá igbó lọ. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń fà á padà. Kí wọ́n tó dé ibi odò, apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ń ronú pé táyà ni. Ó ń ronú pé ọ̀nà ni. Níbi odò, ẹsẹ̀ kan já sínú kòtò, nǹkan dún gbàgà lápá ọ̀dọ̀ ìyá. Ìyá di ìjókòó mú.

Wọ́n dé abà. Àwọn ẹbí ti pé sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ta síwájú ilé. Wọ́n rí ọkọ̀, wọ́n hó yèè, àwọn àgbà ń nu ojú. Àbúrò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí lábẹ́ àtíbàbà. Ó dúró sínú oòrùn lẹ́bàá igi ọsàn, bí wọ́n ti ní kó ṣe.

Jórinjórin sọ̀ kalẹ̀, ó yí lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá, ó fa ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Ó fi ẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀, ó fà á. Kò mì. Àwọn ìbátan wá, wọ́n fà á.

Àgbà kan láàárín wọn, àbúrò bàbá wọn tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, wò ó lójú fèrèsé. "Ìyàwó wa, ṣé kí a tún wá tọrọ rẹ ni? Ọjọ́ àkọ́kọ́ o kò yájú báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún fà á. Wọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Oòrùn wà lórí ọkọ̀ náà, àyà ìyá ń lọ sókè sódò. Wọ́n ní kó gba ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà jáde. Ìyá gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́ kò gbà á láyè láti ré kọjá jíà tó ga láàárín ìjókòó. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Jórinjórin gbé jáàkì, ó kì í bọ abẹ́ ọkọ̀. Ó lọ́ ọ díẹ̀, ó sáré dìde láti fa ilẹ̀kùn, ó tún padà sídìí jáàkì. Bó bá wà nílẹ̀, kò rí ohun tí ilẹ̀kùn ń ṣe. Bó bá wà nídìí ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó wà nílẹ̀. Àwọn ìbátan ń fà níbi tí kò yẹ kí wọ́n fà. Ó ń kígbe mọ́ wọn, òógùn ń dà sí i lójú.

Ìyá ti ẹnu fèrèsé pè é. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Àdìgún. Fi jáàkì sílẹ̀, wá."

Ó wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu fèrèsé.

"Ìwọ lo jó irin tó tì mí mọ́ inú ọkọ̀ yìí. Ìwọ lo sọ ọ̀rọ̀ tó ti ọmọ mi mọ́ inú oòrùn. Nínú ìbínú kan náà lo ti ṣe méjèèjì. Èwo lo fẹ́ kọ́kọ́ ṣí?"

Jórinjórin dúró.  Ó wo ìyá rẹ̀ nínú aṣọ funfun tí òógùn ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó rántí bí òun ṣe dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tó wọ́ bí ẹni tó já sí kòtò, tí òun ń lẹ irin tó dára jù lọ lọ́jà mọ́ ọn, kí wíwọ́ rẹ̀ má bàa yí padà láéláé. Ó rántí pálọ̀ àti òjò. Òun náà ti wọ́ lọ́jọ́ náà. Lórí wíwọ́ yẹn ló ti sọ ọ̀rọ̀ tó le.

Ó gba àárín ẹbí kọjá, ó lọ sídìí igi ọsàn. Ó ti gbé irin tó wúwo ju ara rẹ̀ lọ, kò tíì gbé ẹsẹ̀ tó wúwo tó èyí.

"Oyèníran," ó ní, "wá bá mi wo ilẹ̀kùn."

Àbúrò kò mira. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní kí n dúró sínú oòrùn."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Mo kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, lójú gbogbo ènìyàn tó wà níbí. Jọ̀ọ́. Màámi wà nínú ooru."

Àbúrò fi ìdí igi sílẹ̀. Ó wá. Kò fa ilẹ̀kùn rárá. Ó fi ìka tọ ojú ibi tó là, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó ti máa ń ṣe sí ilẹ̀kùn ilé. "Bọ̀ọ̀dá, nǹkan kan kò ṣe ilẹ̀kùn yìí. Ẹnu ọ̀nà ló wọ́. Ẹ gbé jáàkì wá sí igun iwájú níbí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ ṣí ọwọ́ kúrò!"

Jórinjórin dùbúlẹ̀ sínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ àríyá rẹ̀. Ó ń lọ́ jáàkì, àbúrò ń wo ojú ilẹ̀kùn.

"Díẹ̀ sí i. Díẹ̀ sí i. Ẹ rọra. Ẹ dúró!"

Nǹkan dún kọ́. Àbúrò fi ìka kan fa ilẹ̀kùn, ó ṣí. Ìyá na ẹsẹ̀ kan jáde, ó tẹ ilẹ̀ abà ọkọ rẹ̀. Ọmọ kan mú apá ọ̀tún, ọmọ kejì mú apá òsì. Wọ́n kọjá lábẹ́ àtíbàbà pa pọ̀, wọ́n sì mú un lọ síbi ibojì.

Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn náà padà sílé.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọkọ̀, òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Àbúrò gun òkè, ẹ̀gbọ́n ń na páànù sí i láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí òjò kò kán mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá, wọ́n yí ojú sí ọkọ̀.

Jórinjórin gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin, ó gé gbogbo ibi tó ti jó. Ó dùn ún gan-an, nítorí pé ó jó o dáadáa. Ibi tí kò bá jó dáadáa ì bá rọrùn láti tú. Ó gé e títí ara ọkọ̀ fi tún rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tì í kúrò lábẹ́ igi, wọ́n tì í lọ sórí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé tó tẹ́jú. Wọ́n jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n kó àpò iyanrìn sí ìjókòó níbi tí ènìyàn yóò máa jókòó sí, kó ru ẹrù tí yóò máa rù. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn sí ipò wọn, wọ́n ń fi jáàkì gbé ibí, wọ́n ń sọ ọ̀hún kalẹ̀, títí ìka kan fi lè ṣí wọn tó sì lè tì wọ́n. Nígbà yẹn ni jórinjórin tún wọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá jó o díẹ̀, á dúró.

"Ṣí i."

Àbúrò á ṣí i. "Ó ṣí."

"Tì í."

"Ó tì."

Irin ti àkọ́kọ́ náà ni wọ́n lò. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n pààrọ̀. Àpá ibi tó ti kọ́kọ́ jó o wà lábẹ́ ọkọ̀ náà dòní, bí o bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ wàá rí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń lọ tààrà.

Ó yá, ọmọ mi, ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí. Ọmọ rẹ obìnrin gbó ọ lẹ́nu lójú àlejò. Kò dára, n kò ní sọ pé ó dára. O ní láti ọjọ́ náà o ti fi òfin lélẹ̀: o kò ní dé ilé ọkọ rẹ̀, bó bá sì bímọ, kó má ránṣẹ́ sí ọ, kó lọ wá ìyá mìíràn tí yóò wẹ ọmọ fún un. O sọ ọ́ tán, o ní, "Mo ti le báyìí." Mo gbà. O ti le.

Mi ò ní kí ìyá má le. Ìyá tó rọ̀ bí páànù tí ìpẹtà ti jẹ, kò ní gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan. Òfin pé kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún ọ, irin gidi ni. Má jù ú nù. Ohun tí mo ń bi ọ́ ni pé, báwo lo ṣe dúró lọ́jọ́ tí o jó o? Àlejò ń wò ọ́, ojú ń tì ọ́, inú rẹ ń hó, ẹsẹ̀ rẹ kan wà nínú kòtò. Ìwọ náà máa ń so ìró. Èyí tí o bá so nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ǹjẹ́ o lè fi rìn nígbà tí o bá nàró? Títú ni wàá tú u, kí o tún un so. Aṣọ náà kò ní ẹ̀bi kankan níbẹ̀.

O ti ń fi gbogbo agbára di ọwọ́ ìdarí mú láti ọjọ́ náà. Mo ń wò ọ́. O ń sọ pé orí fífọ́ ni, o ń sọ pé oorun ni kò tó. Ọkọ̀ rẹ ló ń wá igbó lọ.

Gé e. Yóò dùn ọ́, nítorí pé o jó o dáadáa. Sọ ara rẹ kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ, ru ẹrù tó jẹ́ tìrẹ, ìyẹn ni pé ìyá ni ọ́. Lẹ́yìn náà, ṣí ilẹ̀kùn wò. Tì í wò. Bí ìka kan bá ṣí i, nígbà náà ni kí o pe ọmọ rẹ jókòó, kí o sọ òfin rẹ fún un bó ti le tó. Yóò gbọ́ ọ.

Oṣù oyún rẹ̀ ti pé. Ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí ìrọbí yóò mú un. Omi ìwẹ̀ ọmọ kò ní gbé ara rẹ̀ kaná. Dìde, lọ múra.